Ẹ̀gbọ́n, Ta Ni Yóò Tọ́ Mi Sọ́nà?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú jáde lóṣù yìí. Agbègbè Ìkòròdú wa níbí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá, ohun kan náà ni wọ́n sì ń bi mí lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ gíga, ọwọ́ ta ni yóò ti rí ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ìwé? Èyí àkọ́kọ́ ni ìdáhùn mi gùn sí jù. Ẹ forí jì mí, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú mi.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́ ni mí, mo wà ní ọdún kẹta nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ Ẹ̀gbìn, torí ẹ̀bá wa ni iléeṣẹ́ iná náà wà. Ibẹ̀ ni bàbá mi ń gbàdúrà pé kí n ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n apẹja ni bàbá mi, ìyá mi ń ta gaàrí, a ò mọ ẹnì kankan tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nílé ẹ̀kọ́, a pọ̀ ní kíláàsì débi pé olùkọ́ ò lè mọ orúkọ wa. Gbogbo ibi tí mo bá yíjú sí lórí fóònù ni wọ́n ti ń sọ pé ẹni tí kò bá ní mentor, ìyẹn ẹni tó ń tọ́ni sọ́nà, kò lè débì kankan. Mo ti kọ̀wé sí èèyàn mẹ́tàdínlógún lórí LinkedIn. Ohun tí mo kọ ni pé: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ máa tọ́ mi sọ́nà." Ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn, "Okay" ló sì kọ. Mo kí i lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn náà, kò fèsì mọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀ ni mo máa lọ fún IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́ tí wọ́n máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ṣé àìlẹ́nìkan ló ń dà mí láàmú ni, àbí kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o ò ṣe ohun tí kò dáa. Ìwé tí o kọ ni kò gbé nǹkan kan dání.

Ká ní ìwọ ni wọ́n kọ ọ́ sí. O ti ibi iṣẹ́ dé láago mẹ́jọ alẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Mile 12 ti sọ ara rẹ di òkú, o ṣí fóònù, ẹni tí o ò mọ̀ rí ní kí o máa tọ́ òun sọ́nà. Ọ̀nà ibo? Fún ọdún mélòó? Kí ló ti mọ̀, ibo ló há sí? Ẹni tó kọ "Okay" yẹn, mo rò pé èèyàn dáadáa ni. Ó ń dúró kí o sọ ohun tí o ń fẹ́, ìwọ sì ń kí i.

Bí o bá ráyè, lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń wé kọ́ìlì ẹ̀rọ tó jóná. Wọn ò ṣọ̀wọ́n ní Sábó àti ní Àgírìkì. Wo ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù níbẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ fún un, ó ń tú u, ó sì ń ka iye ìgbà tí wáyà yí po nínú ihò kọ̀ọ̀kan kó tó gé e dànù, torí bó bá ṣi iye yẹn kà, èyí tí wọ́n máa wé tuntun ò ní bá ti àtijọ́ mu. Ọ̀gá ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bó bá kà á pé lónìí, á fún un ní èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ́la. Yunifásítì mú ìwé wọ inú iṣẹ́ wa, kò mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Àwọn mẹ́tàdínlógún tí o kọ̀wé sí, kò sí èyí tó tíì rí ọwọ́ rẹ nínú wọn.

Jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe rí tèmi. Ní 1997, mo ṣe IT ní iléeṣẹ́ kan ní Ọ̀dọ̀gúnyàn. Mi ò ní dárúkọ wọn. Èmi nìkan ni obìnrin nínú àwọn tí wọ́n gbà lọ́dún náà, ọ́fíìsì ni wọ́n sì fi mí sí. Odindi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń ṣe fọ́tókọ́pì, tí mo ń kọ orúkọ àlejò sílẹ̀, nígbà tí àwọn ọkùnrin tí a jọ wá ń lọ sídìí ẹ̀rọ. Mo máa ń sunkún nínú ọkọ̀ tí mo bá ń padà lọ sí Ìgbógbó.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń mójú tó iná. Ìwé mẹ́fà ló kà, kò sì sí ẹ̀rọ kan nínú ọgbà yẹn tí kò mọ̀ bí ẹni mọ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo lọ bá a nídìí igi tó máa ń jókòó sí lọ́sàn-án, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi níṣẹ́."

Ó wò mí. Ó ní, "Iṣẹ́ wo nínú rẹ̀?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ọdún kẹrin tí mo ti ń kàwé nípa iná nìyẹn, mi ò sì lè tọ́ka sí ohun kan ṣoṣo kí n ní èyí ni mo fẹ́ mọ̀.

Mo lọ ronú. Pọ́ńpù omi kan wà nínú ọgbà náà tí kọ́ìlì rẹ̀ ti jóná lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́rin. Bó bá ti jó, wọ́n á gbé e lọ wé, wọ́n á gbé e padà, á tún jó. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Bàbá pé kí n ya bí wáyà ṣe tò nínú pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti pa iná. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yà á, mò ń tẹ̀lé wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Nígbà tí mo gbé e dé iwájú Bàbá, ó yọ pẹ́ńsù tó fi há etí, ó fàlà sí ibi méjì tí mo ti ṣì í. Ó wá ní, "Kí lo fẹ́ fi èyí ṣe?" Mo ní mo fẹ́ mọ ohun tó ń jó pọ́ńpù yẹn. Ó dìde.

A gbé mítà tí wọ́n ń fi ẹnu rẹ̀ gbá wáyà mú lọ síbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára pọ́ńpù náà ni pé wáyà kọ̀ọ̀kan yẹ kó máa gbé ámpíà 11. Bàbá gbá wáyà àkọ́kọ́ mú: 19. Èkejì: 20. Ẹ̀kẹta: òdo. Pọ́ńpù sì ń ṣiṣẹ́ lọ, kìkì pé ó ń kùn. Bàbá pa iná rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ibi tí wọ́n ti ń tan án, ó sì tún fi mítà wò ó bóyá iná ti kúrò lóòótọ́, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. (Ìyẹn náà, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ ọ, mi ò sì tíì fo ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí láti ìgbà náà.) Ó ṣí contactor, ìyẹn ohun tó ń so iná mọ́ pọ́ńpù tó sì ń já a, ó fi hàn mí. Nínú ojú mẹ́ta tó yẹ kó máa pàdé, ọ̀kan ti jó dúdú, kò kan èkejì rẹ̀ mọ́. Féèsì kan, ìyẹn ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta tí iná ń gbà wọlé, ti lọ. Ẹ̀rọ tó bá ti ń yí tẹ́lẹ̀ kì í dúró bí féèsì kan bá lọ; méjì tó kù ló máa ń gbé ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ooru á sì pa kọ́ìlì. Overload, ìyẹn ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ bí iná bá pọ̀ jù, ló yẹ kó já iná náà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti yí i sókè pátápátá torí pé ó ń dá iṣẹ́ dúró mọ́ wọn lọ́wọ́.

Sọ 11 di ìlọ́po 1.73, wàá rí 19. Gbòǹgbò 3 ni 1.73 yẹn; ohun tí mo ti kọ sínú ìdánwò láìmọye ìgbà ló wà lójú mítà yẹn. Ara mi bù máṣọ. Bàbá ò mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ gbòǹgbò 3. Mo fi bébà ṣàlàyé rẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Áà, ohun tó fi máa ń tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn." Ọjọ́ yẹn ni èmi àti ẹ̀ di ọ̀rẹ́.

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì pé kí wọ́n yọ̀ǹda ọmọbìnrin yẹn fún òun. Òun ló sọ̀rọ̀ mi fún ẹnjiníà àgbà, ẹnjiníà yẹn ló sì kọ ìwé tí mo fi rí iṣẹ́ àkọ́kọ́. Bàbá ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Títí tó fi lọ, kò sẹ́ni tó pè é ní mentor mi. Bàbá lásán ni mò ń pè é.

Nítorí náà, kí o tó kọ̀wé sí ẹnì kankan mọ́, bi ara rẹ léèrè: iṣẹ́ wo nínú rẹ̀?

Jẹ́ ká fi Ẹ̀gbìn tí ẹ jọ wà lẹ́bàá ara yín ṣàpẹẹrẹ. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gáwáàtì 220, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1,320 bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ tí gáàsì sì tó. Gáàsì ni wọ́n ń fi dáná láti se omi, oru omi ló ń yí tọ́báìnì, omi ọ̀sà tí bàbá rẹ ń pẹja nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi tu oru náà kó lè padà di omi. Bí omi ọ̀sà bá ṣe gbóná sí, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ títu oru yẹn ṣe máa ń le sí. O rí i báyìí? Bàbá rẹ ti lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí omi yẹn. Ó mọ ìgbà tó ń gbóná nínú ọdún àti ìgbà tó ń tutù, bóyá ju ọ̀pọ̀ ẹnjiníà lọ. Jókòó tì í, bi í léèrè, kọ ọ́ sílẹ̀. Ra tẹmómítà, máa wọn omi náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án fún oṣù kan bó bá ń gbé ọ lọ sójú omi. Lẹ́yìn náà, kọ irú ìwé báyìí sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìmọ̀ ẹ̀rọ iná ni mò ń kọ́, ọdún kẹta ni mo wà, apẹja sì ni bàbá mi ní Ìjẹ̀dẹ́. Mo wọn bí omi ọ̀sà ṣe gbóná tó fún ọgbọ̀n ọjọ́, mo sì gbìyànjú láti ṣírò iye omi tí ẹ̀rọ 220 kan nílò láti fi tu oru rẹ̀. Ojú ewé kan ni ìṣirò náà, òun nìyí. Èsì tí mo rí pọ̀ jù lójú mi. Ṣé ibi tí mo fàlà sí yìí ni mo ti ṣì í?"

Ìbéèrè kan, ojú ewé kan, ohun tí èèyàn lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dáhùn. Ẹni tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ á fẹ́ mọ ẹni tó kọ ọ́. Mo mọ̀, torí bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn.

Bó bá wá fèsì, lọ ṣe ohun tó sọ, kí o padà wá ròyìn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ì báà bọ́ sí i, ì báà má bọ́ sí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ yín ti ń sọnù nìyí, ó sì ń dùn mí. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án ni mo fèsì fún lọ́dún tó kọjá. Méjì ló padà wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Àwọn méjì yẹn, mo mọ orúkọ wọn, mo mọ ohun tí wọ́n ń bá jà lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn sì wà níbi iṣẹ́ wa fún IT báyìí. Àwọn méje tó kù, mi ò bínú sí wọn. Mi ò kàn rántí wọn mọ́ ni.

Má sì wo òkèèrè nìkan. Ta ló ni kọ́kọ́rọ́ láàbù yín? Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa ń sáré tẹ̀lé ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n á sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń tọ́jú láàbù kọjá láìkí i. Òun ló mọ irinṣẹ́ tó ti bàjẹ́ àti ohun tó bà á jẹ́. Lọ bá a lọ́jọ́ tí kò sí kíláàsì, sọ fún un pé o fẹ́ bá a tún ọ̀kan ṣe. Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́. Àwọn tó fi ọdún kan péré ṣáájú yín náà, má fojú kéré wọn, torí wọn ò tíì gbàgbé ohun tó rú ẹ lójú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé àwọn náà ni.

Ní ti IT, má dúró di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fún yín ní lẹ́tà. Ọdún 1973 ni ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìkọ́ṣẹ́, ti dá ètò yẹn sílẹ̀, torí wọ́n rí i pé àwọn tó ń jáde mọ ìwé, wọn ò mọ ìdí ẹ̀rọ. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n máa ń fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Má jẹ́ kó lọ sídìí fọ́tókọ́pì bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún tèmi. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ bàtà tó le, mú ìwé rẹ dání, máa ya ẹnu géètì àwọn iléeṣẹ́ ní Ọ̀dọ̀gúnyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Béèrè orúkọ ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ, má jẹ́ kó parí sí ọ́fíìsì iwájú. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo mọ̀ nídìí iṣẹ́ yẹn níbẹ̀, Poly ni wọ́n ti jáde, èyí tó di Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022, wọ́n sì máa ń káàánú ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹsẹ̀ rìn wá. Kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ́tà náà. Ọdún 2023 ni wọ́n ṣí i, tọ́ọ̀nù 32 ni wọ́n ní ó lè lọ̀ láàárín wákàtí kan. Ibi tó bá ń gbé ẹrù tó bẹ́ẹ̀ kún fún bẹ́líìtì àti pánẹ́ẹ̀lì tí ojú rẹ nílò láti rí.

Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà, NSE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958, ń gba ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọlé. IEEE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà iná mànàmáná lágbàáyé, náà ń gbà wọ́n. Forúkọ sílẹ̀ ní èyíkéyìí tó bá wà nílé ẹ̀kọ́ yín, má jókòó sẹ́yìn, bá wọn to àga.

Kọ sí mi nígbà tí o bá ti wọn omi náà.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́, ọdún kejì ni mo wà, Ògólóńtò ni mò ń gbé. Bọ̀dá kan tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa ní òun á máa kọ́ mi. Oṣù mẹ́jọ rèé. Mo ti bá a kọ wẹ́ẹ̀bù mẹ́rin fún àwọn oníbàárà rẹ̀, kò fún mi ní kọ́bọ̀, kò sì fi orúkọ mi sí ọ̀kankan. Bí mo bá béèrè nǹkan, á ní kí n lọ wá a lórí Google. Lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí, ó ní kí n máa wá sílé òun lálẹ́ torí pé iná máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fara dà á, pé ara ìkọ́ṣẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọbìnrin Ògólóńtò

ÌDÁHÙN

Má lọ sílé rẹ̀ lálẹ́. Má lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ kí o ka ìyẹn kí o tó ka ìyókù.

Ọ̀rẹ́ rẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìkọ́ṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, òbí rẹ̀ á mú un lọ bá ọ̀gá. Wọ́n á jọ sọ iye ọdún tó máa lò. Ọmọ á gbá ṣọ́ọ̀bù, á lọ rajà, á sì kọ́ iṣẹ́, gbogbo àdúgbò ló sì máa mọ ọjọ́ tó bá gba ìyọ̀ǹda. Ta ló mọ̀ pé o wà lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí? Ìgbà wo ni ìyọ̀ǹda rẹ? Kí lo mọ̀ lónìí tó jẹ́ pé òun ló kọ́ ẹ, tí kì í ṣe Google? Bí o bá ronú lé e títí tí o ò rí nǹkan kan, òṣìṣẹ́ tí kò gbowó ni ó sọ ẹ́ dà.

Kó gbogbo kóòdù tí o kọ pa mọ́ síbi tìrẹ, pẹ̀lú ọjọ́ tí o kọ wọ́n. Wẹ́ẹ̀bù mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́, o mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ọmọ ọdún kejì? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni, ibikíbi tí o bá dé ni o ti lè sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kọ ọ̀rọ̀ ṣókí ránṣẹ́ sí i, má sọ ọ́ lójúkojú: o dúpẹ́ fún àǹfààní tó fún ẹ, ilé ẹ̀kọ́ ti gba gbogbo àkókò rẹ, o ò ní lè máa bá a ṣe é mọ́. Má ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀. Sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin lónìí. Bó bá halẹ̀ mọ́ ẹ, tàbí tó bá ń lépa ẹ kiri, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ kan tó wà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, DSVA ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Àwọn obìnrin wà nídìí iṣẹ́ yìí. She Code Africa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2016, máa ń fa ọmọbìnrin tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà lé àwọn tó ti dàgbà nínú rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé o lọ sílé ẹnikẹ́ni. Lápá ọ̀dọ̀ tiwa nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, Joanna Maduka ni obìnrin àkọ́kọ́ tí COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà, òun àti àwọn obìnrin díẹ̀ mìíràn ni wọ́n sì dá APWEN, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ẹnjiníà, sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Inú ìpàdé APWEN ni mo ti kọ́kọ́ rí yàrá kan tó kún fún ẹnjiníà tí gbogbo wọn wé gèlè. Mi ò tíì gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Ọkùnrin tó ń kọ́ni dáadáa pọ̀, Bàbá tí mo sọ lókè yẹn ọkùnrin ni. Ìta gbangba nídìí igi ló ti kọ́ mi.

ÌBÉÈRÈ

Ìyá ẹlẹ́ja ni mí ní Ẹbúté, ọmọ àbúrò mi ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ọmọ mi ọkùnrin ti fẹ́ parí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Láti bí oṣù mẹ́ta, kì í sùn lóru, ìdí kọ̀ǹpútà ló ń jókòó sí, owó ẹja mi ló fi ń ra dátà. Mo bi í, ó ní iṣẹ́ ni òun ń bá àwọn òyìnbó kan ṣe. Mo ní èló ni wọ́n ń san, ó ní wọn kì í sanwó. Ó ní "open source" ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kì í ṣe yahoo ni ọmọ yìí ń ṣe?

Ìyá ẹlẹ́ja

ÌDÁHÙN

Mọ̀mọ́ mi, ẹ kú ọjà o. Ẹ̀rù yẹn tọ́, ìyá tí kò bá béèrè ló ń kọ mí lóminú.

Ẹ mọ ọ̀wẹ̀ dáadáa. Ẹnì kan fẹ́ kọ́lé, ará àdúgbò pé lé e lórí, oníkálùkù mú agbára tirẹ̀ wá, kò sẹ́ni tó gbowó. Bẹ́ẹ̀ ni open source ṣe rí: ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo èèyàn jọ ń kọ ní gbangba. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan ní 1991, ó gbé e síta pé kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe wá bá òun tún un ṣe. Linux ni wọ́n ń pè é. Bí fóònù tó wà lọ́wọ́ yín bá jẹ́ Android, Linux yẹn wà nínú rẹ̀, òun ló ń gbé e ṣiṣẹ́ bí ẹ ṣe ń fi pe àwọn oníbàárà yín.

Èrè tó wà níbẹ̀ fún ọmọ yín ni pé bó bá mú iṣẹ́ wá, àwọn tó mọ̀ jù ú lọ ni wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á. Wọ́n á sọ ibi tó ti ṣì í, á tún un ṣe, wọ́n á tún wò ó. Ẹ̀kọ́ tí owó ilé ìwé ò lè rà nìyẹn. Ó sì lè di owó. Google ní ètò kan láti 2005, Google Summer of Code, tó ń sanwó fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí, tí wọ́n á sì fi wọ́n sábẹ́ ọ̀gá kan. Òmíràn wà tó ń jẹ́ Outreachy, oṣù mẹ́ta ni tiwọn, àwọn náà ń sanwó. Ẹni tó bá ti ní iṣẹ́ tí wọ́n lè rí ló máa ń rọrùn fún láti wọ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má fi oorun ṣòfò lórí rẹ̀ títí tí yóò fi fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá. Ẹ jọ dá wákàtí méjì lálẹ́, kí ẹ sì dá iye tí dátà yóò máa jẹ lọ́sẹ̀.

Ní ti yahoo, ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ̀, ẹ ò nílò láti mọ̀wé. Ìta gbangba ni iṣẹ́ open source máa ń wà. Lálẹ́ òní, tí ẹ bá ti tọ́jú ẹja tán, ẹ ní kó jókòó tì yín, kó ṣí ibi tó kó iṣẹ́ náà sí. Orúkọ rẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣe é, ohun tó yí padà, àti èsì tí àwọn ọ̀gá kọ sábẹ́ rẹ̀. Kí ọmọ àbúrò yín tó ń bá yín kọ̀wé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ ní kó ka èsì tí wọ́n kọ kẹ́yìn sí yín létí, kó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Bí kò bá fẹ́ ṣí i rárá, ẹ tètè kọ sí mi. Bó bá ṣí i, ẹ kọ sí mi náà, mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ní kó lọ tún ṣe.